Epo Yèyé, Bó Ṣe Pọ́n Ló Pọ́n

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá Yèyé jà, ohun tó máa sọ kò le rárá: kó ṣáà ti ní epo pupa ń pa ènìyàn. Mo ti rí i tí wọ́n dá àlùfáà dúró lójú ọ̀nà torí epo. Mo ti rí i tí wọ́n pa rédíò mọ́ olóòtú ètò ìlera lẹ́nu, tí wọ́n sì ń bá rédíò tí wọ́n ti pa náà jà lọ. Ìyá tó bí bàbá mi ni Yèyé. Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà la sì sin wọ́n sí nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí ń parí lọ. Epo ni wọ́n ṣe jẹun, láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ títí ẹsẹ̀ wọn kò fi gbé wọn dé ẹbu mọ́, ìyẹn ibi tí a ti ń fún epo. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ka ìtàn ayé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì: iye ọmọ, iye ọmọ ọmọ, ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, oyè tí ìjọ fi wọ́n jẹ. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mò ń gbọ́ ọ, ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń sọ yìí. Yèyé tí èmi mọ̀ kò sí nínú ìwé yẹn, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìjà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti dùn ún wò jù.

Bàbá àgbà, ọkọ wọn, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí a kọ́kọ́ mọ̀, èmi ni mo tẹ̀lé àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọmọdé ni dókítà náà, kò tíì lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ó mi orí, ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì dín epo kù. Bó ṣe dárúkọ epo báyìí, mo mọ̀ pé ó ti parí. Àwọn ará Ọ̀yọ́ a máa fi àwa Èkìtì ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kì í fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Yèyé kò tiẹ̀ fìgbà kan gbìyànjú rẹ̀ wò, ì báà jẹ́ kábíyèsí ló wà níwájú wọn. Wọ́n tún gèlè wọn so, wọ́n kọjú sí dókítà.

“Ùwọ ọmọ yìí, epo tí yèyé rẹ fi tọ́ ọ dàgbà lo ń bú lójú mi yìí?”

Dókítà náà gbọ́n. Kò bá wọn jiyàn. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń se ọbẹ̀ yín fún mi.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ Yèyé. Wọ́n fi ìgbéraga ṣàlàyé pé ṣíbí ọbẹ̀ ńlá méjì tó kún dẹ́nu ni àwọn ń dà sínú ìkòkò, pé àwọn á kọ́kọ́ sun epo náà títí pupa rẹ̀ á fi lọ, títí èéfín á fi lé ẹni tó wà ní yàrá kejì jáde, pé èyí tí àwọn bá fi dín dòdò lọ́jọ́ Ajé, òun náà làwọn á fi dín ẹja lọ́jọ́rú, tí yóò sì tún ku díẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé. Dókítà gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Màmá, èmi náà ń jẹ epo. Ohun tó fún un ní pupa rẹ̀ yẹn, oúnjẹ ojú ni. Ẹ wá ń sun ún dànù kí ẹ tó jẹ ẹ́. Èéfín yẹn, inú àyà yín ló ń lọ. Epo tí a bá sì ti fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ ní pupa, ẹ jẹ ẹ́ níwọ̀nba. Ní ti Bàbá, ìwọ̀nba náà ní láti kéré gan-an.”

A padà sílé. Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ ilé ìdáná, mo rí ṣíbí ńlá náà tí wọ́n fi há àjà, ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po tíì ló wà nídìí kòlòbó epo. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ fún Bàbá, Bàbá wo inú àwo títí, wọ́n ní, “Ṣé ara ọbẹ̀ yìí kò yá ni?” Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn wọn kò sun epo mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì gbà pé dókítà kọ́ àwọn ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún Bàbá lọ́jọ́ náà ni wọ́n sọ fún gbogbo ẹni tó bá tún bú epo lójú wọn títí wọ́n fi kú: “Epo kò pa ẹnì kankan rí. Ọwọ́ tó ń dà á ni kí o lọ bá wí.”

Ọ̀pẹ wa wà ní ẹsẹ̀ òkè, lórí ilẹ̀ tí bàbá Yèyé fi sílẹ̀ fún wọn àti àbúrò wọn kan ṣoṣo, Bàbá Délé. Ọ̀pẹ ìbílẹ̀ ni, ó ga fíofío, odò kékeré kan sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Òfin tí Yèyé ṣe síbẹ̀ le ju òfin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Akọ̀pẹ kò gbọdọ̀ kọ ìdì ẹyìn tán lórí ọ̀pẹ kankan, ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹyẹ. Kò gbọdọ̀ ré imọ̀ ọ̀pẹ ní àréjù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ finá sí abẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ eku ló ń lé. Akọ̀pẹ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé ẹyẹ wo ló bá wọn ṣàdéhùn. Yèyé ní, “Èyí tó gbin ọ̀pẹ tí ò ń gùn.”

Bàbá Délé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó padà sílé, ó sì fẹ́ sọ ilẹ̀ náà di ọ̀tun. Ó ti rí ọ̀pẹ àgíríìkì níbì kan, èyí tó kúrú, tó tètè ń so, tí ìdì rẹ̀ tóbi bí orí màlúù. Ó ní kí a gé gbogbo ọ̀pẹ àtijọ́ náà dànù, kí a gbin àgíríìkì rọ́pò rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti mú àwọn tó ní ẹ̀rọ ìgégi dání. Yèyé kò pariwo. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn láti ilé ìdáná, wọ́n rìn lọ sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n gbé e sí abẹ́ ọ̀pẹ àkọ́kọ́, wọ́n sì jókòó. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, títí ó fi yẹ̀. Àwọn onígi fẹ̀yìn ti òkè, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Ó wá sú Bàbá Délé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti lọ síwájú. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀pẹ arúgbó dí ara wa lọ́wọ́.”

“Mo gbọ́,” ni Yèyé wí. “N kò bá àgíríìkì jà. Ṣùgbọ́n oko ẹ̀gẹ́ wa tó ti ṣá wà lọ́hùn-ún, koríko lásán ló wà lórí rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ubi tí igi wà lo ti fẹ́ gbin igi?”

Bàbá Délé ní kí àwọn onígi máa lọ. Nígbà tí òjò rọ̀, Yèyé fúnra wọn ló lọ ra irúgbìn àgíríìkì, tí wọ́n gbìn ín sí oko ẹ̀gẹ́ tó ti ṣá náà. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn. Èmi ni mò ń gbé irúgbìn fún wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ. Òmùgọ̀ ṣe mí, mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n rò pé yóò jẹ nínú rẹ̀. Wọn kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ṣé èmi ni mo gbin èyí tí mò ń jẹ ni?”

Lónìí, ara àgíríìkì yẹn ni ìdajì ẹyìn wa ti ń wá. Àwọn àgbà ọ̀pẹ náà ṣì dúró. Odò wa sì ń ṣàn lọ́gbẹlẹ̀, nígbà tí a ń gbọ́ pé ti àwọn ẹlòmíràn tó gé gbogbo igi etídò ti gbẹ. Mo máa ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀, n kò ní purọ́.

Ọwọ́ Yèyé le. Ọ̀pẹ kò ní ohun tí a ń jù nù lára, tiwọn sì tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ìhá, ìyẹn èérún ẹyìn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá fún epo tán, òun la fi ń dáná. Ìdì tí a ti já ẹyìn kúrò lára rẹ̀, a ó sun ún, eérú rẹ̀ á di ọṣẹ dúdú. Imọ̀ ọ̀pẹ á di ìgbálẹ̀. Ekùrọ́ ni ti àwa ọmọdé. Gbogbo ọlidé, bí àwọn ẹgbẹ́ wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù, orí òkúta ni àwa wà, à ń pa ekùrọ́, à ń fi òkúta pa ọwọ́ ara wa mọ́ ọn, kí Yèyé lè rí àdín ṣe. Wọ́n á sì fi àdín náà pa wá lára títí a ó fi máa dán gbinrin. Òórùn rẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. “Aládìn-ín” ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì mi títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà. Ìgbà tí mo lọ fi sùn, Yèyé fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ní, “Lọ wo awọ ẹsẹ̀ àwọn tó ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́yẹ́, kí o tó wá sunkún.”

Yèyé a máa sọ pé kò sí ohun tí a ń jù nù nínú ilé àwọn àfi ìbínú. Irọ́ ni. Yèyé kì í ju ìbínú nù rárá. Wọ́n lè fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú rẹ̀.

Àṣà kan wà ní ẹbu wọn tí mo ní láti ṣàlàyé, torí òun ló mú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wá. Bí epo bá ti jinná, tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rọ ọ́ sí kẹ́ẹ̀gì títí Yèyé yóò fi jẹ nínú rẹ̀. Iṣu sísè máa ń wà nílẹ̀. Wọ́n á bu iṣu, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ epo gbígbóná, wọ́n á jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá, tàbí ẹni tó kàn ń kọjá lọ sóko rẹ̀, yóò bu tirẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò lè kọ́kọ́ jẹ epo rẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ wọn, ó di ìgbà mìíràn.

Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí àwọn olùkọ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀. Mo padà sílé. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le, òjò pẹ́ kó tó dé, ẹyìn kò sì gbó bó ṣe yẹ. Epo tí a ń ṣe ń pọ́n rúsúrúsú. Kò sí ohun tó ṣe é, adùn rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ojú ni àwọn ènìyàn fi ń ra epo. Àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á yínmú, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Ẹni tó ní àwọn ń bọ̀, a kì í rí i mọ́. Mo rí bí Yèyé ṣe ń wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tó tò sílẹ̀ láìlọ, ó sì dùn mí. Mo lọ sí ọjà kan tí n kò ní dárúkọ, ẹnì kan sì tà mí ní ìyẹ̀fun pupa kan nínú ọ̀rá kékeré. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń lò ó, pé ṣíbí kan péré ni fún kẹ́ẹ̀gì kan. N kò béèrè ohun tó jẹ́. Ọmọ yunifásítì ni mí o, n kò béèrè.

Lọ́jọ́ tí Yèyé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, mo pò ó mọ́ gbogbo epo tó wà nílẹ̀. Pupa rẹ̀ yọ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ti lọ, ó dé Arámọkọ, ó dé Ẹ̀fọ̀n. Yèyé ń kọrin. Wọ́n rò pé epo náà ló fúnra rẹ̀ là lẹ́yìn tó ti silẹ̀ dáadáa. Ní ti àṣà wọn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ń jẹ epo kan wò, wọ́n sì ti jẹ èyí kí n tó fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kẹta, epo inú kòlòbó ilé ìdáná tán. Yèyé bu díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì tó kù, wọ́n fi jẹ iṣu lọ́sàn-án. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n tún un fọ̀. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń gbọ́ omi. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wá jáde síta, wọ́n na ìka wọn sí oòrùn. Ó pupa títí wọ inú èékánná. Wọn kò bi mí pé ta ni. Wọ́n ní, “Èyí tó bá jẹ́ epo, ọṣẹ á mú un kúrò. Kí lo bù sí i?”

Mo sọ. Èmi obìnrin, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo sunkún, mo ní nítorí tiwọn ni mo ṣe ṣe é. Yèyé kò gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ì bá wù mí kí wọ́n nà mí. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ wọ bàtà.

Ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ náà ni mo fi ń gbé orí mi sókè títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Obìnrin tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kì í fẹ́ gun ọ̀kadà, gùn ún. A lọ sí ilé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ra epo náà, láti ojúlé dé ojúlé. Níbi gbogbo tí a dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni Yèyé ń sọ: “Epo mi tó wà níhìn-ín kò dára. Mo wá gbé e. Èyí tó dára rèé.” Èyí tó dára náà jẹ́ epo tí wọ́n fi pamọ́ láti ọdún tó ṣáájú fún ilé wa, de ìgbà tí kò ní sí epo. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá bi wọ́n pé kí ló ṣe é, mo máa ń rò pé wọ́n á nàka sí mi. Wọn kò nà án rí. Nígbà tí a dé Arámọkọ, n kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo ní, “Yèyé, ẹ jẹ́ kí n sọ pé èmi ni.” Wọ́n ní, “Bí ìka kan bá tọ́ epo, ṣé kì í ran àwọn tó kù ni? Ọmọ ulé mi ló ṣe é. Èmi ni mo ṣe é.”

Ẹ̀fọ̀n ni a parí rẹ̀ sí, lọ́dọ̀ Ìyá Títí tó ń se oúnjẹ tà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ kan. Ogún ọdún ló ti ń ra epo Yèyé. Ó ti fi epo náà se ọbẹ̀ lọ́jọ́ méjì. A bá a tó gbé ọmọ rẹ̀ kékeré lé ẹsẹ̀, inú ọmọ náà ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àárọ̀, ó ti yàgbẹ́ títí ó fi rọ̀. Bóyá epo ni, bóyá oúnjẹ mìíràn ni, ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Yèyé sì sọ ohun tó wà nínú epo náà síbẹ̀. Wọ́n lè pa ẹnu mọ́ títí ara ọmọ yóò fi yá. Wọ́n ní, “Dókítà ní láti mọ̀ ọ́n.” Ìyá Títí kígbe mọ́ wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò sọ sí Yèyé rí lójú mi, Yèyé sì dúró gbà á. Wọ́n bá wọn gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ara ọmọ náà yá. Nígbà tí a ń lọ, Ìyá Títí ní, “Màmá, epo yín kò tún ní wọ ilé mi mọ́ láyé.” Yèyé ní, “O jàre.”

Epo tí a kó padà, ẹnì kan ní kí a fi ṣe ọṣẹ. Yèyé kọ̀, wọ́n ní awọ ara náà ń jẹun. Ẹlòmíràn ní kí a dà á sódò. Yèyé wò ó bí ẹni tó ya wèrè. Èmi ni mo gbẹ́ ihò, lókè, níbi tó jìnnà sódò, títí ọwọ́ mi fi bó, tí a sì da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Epo ilé kò sí mọ́, torí náà, Yèyé tó ń pe òróró inú ọ̀rá ní omi àárẹ̀, òróró ni wọ́n jẹ títí ẹyìn mìíràn fi gbó. Ẹ bá wá wo ojú wọn nídìí ọbẹ̀. Wọn kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí a tún ṣe epo, ó tún pọ́n rúsúrúsú. Mo rò pé wọn kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n bu iṣu, wọ́n nà án sí mi níwájú gbogbo ẹbu, wọ́n ní láti òní lọ, èmi ni yóò máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Mo ní, “Yèyé, kò pupa.” Wọ́n ní, “Bó bá ṣe pọ́n ni kí o jẹ́ kó pọ́n.”

Yèyé kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí wọ́n fi kú. Ìbínú tí wọ́n máa ń tọ́jú fún ọdún mẹ́wàá, wọn kò tọ́jú tèmi di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí epo àkọ́kọ́ bá ti jáde, wọ́n á bi mí pé, “Ará Ẹ̀fọ̀n ń kọ́?” Èmi á ní kò wá. Wọ́n á ní, “Ó jàre.” Ní ọdún tó kẹ́yìn yìí, orí ibùsùn ni wọ́n ti bi mí. Mo fẹ́ purọ́ fún wọn. N kò lè pa á.

Olùkọ́ ni mí ní ìlú wa báyìí, èmi náà ni mo sì ń bójú tó ẹbu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, a ṣe epo àkọ́kọ́ tí Yèyé kò sí láyé. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, kò pupa. Mo bu iṣu, mo tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, mo jẹ ẹ́, mo lọ fọ ọwọ́ mi. Mo ṣì ń nù ún nígbà tí ọ̀kadà kan dúró létí ẹbu, tí Ìyá Títí sọ̀ kalẹ̀. Ó ti darúgbó díẹ̀. Ó ní wọn kò tètè sọ fún òun, òun ì bá wá sí ìsìnkú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó kọjá lára mi, ó lọ wo inú agbada.

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ tó tẹ̀lé Màmá wá lọ́jọ́ yẹn?”

“Èmi ọjọ́ yẹn náà ni, mà.”

“Kò pupa.”

“Bó ṣe pọ́n ló pọ́n, mà.”

Ó mú ọwọ́ mi, ó yí i padà, ó wo ìka mi níkọ̀ọ̀kan, ó wo inú èékánná. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó bu iṣu, ó tẹ̀ ẹ́ bọ epo, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀.

“Kẹ́ẹ̀gì mi wà lẹ́yìn ọ̀kadà yẹn,” ó wí. “Lọ gbé e wá.”